Bí A Ti Ń Lé Ooru Jáde Kúrò Nínú Ilé: Láti Ayé Koríko Bẹẹrẹ Dé Ayé Ẹ̀rọ Amúlétutù Alágbèéká

Nínú gbogbo àdúrà tí Yorùbá máa ń gbà fún ara wọn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí èyí tó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà tó àdúrà ìtura: kí ilé tutù, kí ọ̀nà tutù, kí orí tutù, kí inú sì tutù. Níbi ìsọmọlórúkọ ni a ti ń gbọ́ ọ, níbi ìṣílé ni a ti ń gbọ́ ọ, ẹni tó bá sì ń ta omi sílẹ̀ fún àwọn baba ńlá rẹ̀ kò ní ṣàì mẹ́nu kàn án. Ẹni tó bá mọ bí oòrùn ti máa ń mú ní ilẹ̀ wa láti oṣù Èrèlè wọ oṣù Ẹrẹ́nà, kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé, nígbà tí ilẹ̀ gbígbóná ń jó ni lẹ́sẹ̀, tí ewé kan kò mì lórí igi, tí aṣọ sì ń lẹ̀ mọ́ni lára pẹ̀kípẹ̀kí, kò ní bi wá léèrè ìdí tí àwọn baba wa fi ka ìtutù kún ọlá àti àlàáfíà. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ níhìn-ín ni ìtàn bí ọmọ ènìyàn ti ń wá ìtura sínú ibùgbé rẹ̀, pàápàá sínú yàrá kékeré, láti ayé ilé amọ̀ títí dé ayé ẹ̀rọ amúlétutù alágbèéká tí ayálégbé ń tì sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lónìí. Ohun kan ṣoṣo ni mo sì fẹ́ kí òǹkàwé dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀: pé kò sí ẹni tí í dá òtútù sílẹ̀. Ooru ni à ń kó kúrò níbì kan lọ sí ibòmíràn. Gbogbo ọgbọ́n tí a sì ti dá láti ìgbà ìwáṣẹ̀ kò ju ọ̀nà tí a gbà ń kó o, ibi tí a ń kó o lọ, àti ohun tí ó ń ná wa láti kó o.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé tí a bá lọ́wọ́ àwọn baba wa. Amọ̀ pupa tí a pò, tí a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ títí ó fi mọ́ra, ni a fi ń mọ ògiri agbo ilé ní ìpele ìpele. A ó mọ ìpele kan, a ó fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ, kí a tó gbé òmíràn lé e, títí ògiri náà yóò fi ga tó, tí yóò sì nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn ọ̀sán kò fi ní tètè là á já. Láti òwúrọ̀ ni amọ̀ yìí yóò ti máa gba ooru sínú díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ooru ọ̀hún yóò bá fi yọ sí inú yàrá, oòrùn ti wọ̀, afẹ́fẹ́ alẹ́ sì ti dé láti gbà á lọ. Lókè orí yàrá ni àwọn kọ́lékọ́lé ń tẹ́ igi sí, tí wọn yóò sì fi amọ̀ rẹ́ ẹ, èyí tí à ń pè ní àjà. Òun ni í dáàbò bo ẹrù nígbà tí iná bá ṣẹ́ yọ lórí òrùlé, òun náà ni kì í sì í jẹ́ kí ooru orí òrùlé sọ̀ kalẹ̀ bá ẹni tó sùn. Yàrá fúnra rẹ̀ kéré, ó sì ṣókùnkùn, nítorí pé ibi ìsùn àti ibi ìpamọ́ ẹrù ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó yí àgbàlá po ni ibùjókòó ọ̀sán, níbi tí òrùlé ti wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àgbàlagbà fi gbọ́dọ̀ tẹrí ba kí ó tó wọlé, tí ìmọ́lẹ̀ ń wọlé ṣùgbọ́n tí ìtànṣán oòrùn kò ráyè. Àgbàlá tó wà láàárín, tí a ti ń rí ojú ọ̀run, ni ooru gbogbo ilé ń gbà gòkè lọ. Kò sí ẹni tí ń sanwó fún un, kò sì sí aládùúgbò tí ooru náà ń dà lé lórí.

Ohun tó wá borí gbogbo rẹ̀ ni ohun tí a fi bo ilé. Àwọn tó wà nínú igbó fi ewé gbòdògì tàbí imọ̀ ọ̀pẹ bo tiwọn. Àwọn ará ọ̀dàn, tí koríko pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, fi ẹ̀kan àti bẹẹrẹ bo tiwọn. Koríko tí a tò nípọn lé ara wọn há afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí àárín, afẹ́fẹ́ tó há yìí sì ni kì í jẹ́ kí iná oòrùn kọjá sínú ilé. Ní Ọ̀yọ́, ilé Aláàfin, Ikú Bàbá Yèyé, aláṣẹ èkejì òrìṣà, ọ̀rọ̀ koríko yìí di ọdún ńlá. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ka ọdún Bẹẹrẹ mọ́ àwọn àjọ̀dún mẹ́ta tí Aláàfin fi ń yọjú sí gbangba. Nígbà ọdún náà ni a máa ń ru bẹẹrẹ wá sí ààfin láti fi tún òrùlé ọba ṣe, òun ni a sì fi ń ka iye ọdún tí ọba ti lò lórí ìtẹ́. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí: ní ìlú tí í pàṣẹ fún ìlú, ohun tí a fi bo ilé kí ilé má baà gbóná, kí òjò má sì wọ̀ ọ́, ni a fi ń díwọ̀n ìgbà ọba. Àwọn tó gbé irú àṣà bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ kò ka ìtura ilé sí ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré.

Nínú ilé kan náà ni a ti rí ọgbọ́n méjì mìíràn tó yẹ kí a yẹ̀ wò fínnífínní. Ọ̀kan ni amù. Ní igun tó ṣókùnkùn jù lọ ni ìyá ilé ń gbé amù sí, lórí yanrìn tútù, pẹ̀lú ọmọrí lórí rẹ̀. Amọ̀ tí a fi mọ ọ́n kì í dí pátápátá; omi inú rẹ̀ a máa yọ́ jáde sí ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ẹni tó bá fọwọ́ kàn án yóò fi rí i pé ara rẹ̀ ń làágùn; bí omi tó yọ́ yìí ti ń gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́ ni ó ń gba ooru lọ́wọ́ omi tó ṣẹ́ kù nínú, tí ẹni tó ti oko dé ní ọ̀sán gangan yóò fi mu igbá omi kan, tí yóò sì mí kanlẹ̀. Ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, olùkọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Jigawa, Mohammed Bah Abba, gbé ìkòkò kékeré sínú ìkòkò ńlá, ó fi yanrìn tí omi rin sí àárín wọn, ó sì fi ọgbọ́n amù yìí kan náà mú kí ẹ̀fọ́ àti tòmátì pẹ́ kí wọ́n tó bàjẹ́. Ẹ̀bùn Rolex ni ayé fi yẹ́ ẹ sí ní ọdún 2000. Kí òǹkàwé má gbàgbé amù o, nítorí pé ohun tí ó ń ṣe láìpariwo ni ẹ̀rọ òde òní ń fi iná mànàmáná ṣe.

Ọgbọ́n kejì ni abẹ̀bẹ̀, èyí tí a fi awọ ṣe, èyí tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ hun, èyí tí a fi ìyẹ́ ẹyẹ ṣe fún àwọn ọlọ́lá. Àwọn àgbà ní abẹ̀bẹ̀ ní í bẹ ikú, abẹ̀bẹ̀ ní í bẹ ọ̀ràn, bí oòrùn bá mú, abẹ̀bẹ̀ ní í bẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ Ọ̀ṣun Sẹ̀ẹ̀gẹ̀sí, olóòyà iyùn, kì í ṣófo abẹ̀bẹ̀ idẹ, nítorí pé Yèyé ni í fi omi tútù wo ọmọ rẹ̀. Nígbà tí a sì kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú kọjá òkun, abẹ̀bẹ̀ bá wọn lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ní Bahia, ní ilẹ̀ Bràsíl, orúkọ yẹn náà ni wọ́n ṣì ń pè é lónìí, tí wọ́n sì ń fi í sọ́wọ́ Ọ̀ṣun bí àwọn baba wọn ti ń ṣe.

Ṣùgbọ́n koríko ní ọ̀tá kan tí kò láàánú, iná ni. Bí iná bá ràn mọ́ òrùlé kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ọyẹ́ sì ń fẹ́, agbo ilé tó pọ̀ lè jó mọ́ ọn kí omi tó dé. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, bẹ́ẹ̀ ni a máa ń wí. Ẹwà tí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún sì bù sí ilé wa ni páànù. Ní ọdún 1829 ni Henry Robinson Palmer, ẹnjiníà kan ní London, gba ìwé àṣẹ lórí irin pẹlẹbẹ tí a tẹ̀ ní ìgbì-ìgbì kí ó lè lágbára láìwúwo. Nígbà tó sì yá, irin náà bá ọkọ̀ òkun dé etíkun wa. Ní Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó odindi ilé onírin wá láti ìlú wọn, wọ́n tò ó pọ̀ sí etí ọ̀sà, wọ́n sì fi kóńsù wọn sínú rẹ̀. Láàárín ọdún 1859 sí 1861, Benjamin Campbell, George Brand àti Henry Foote, kóńsù mẹ́ta tó jẹ tẹ̀lé ara wọn, ni ikú mú. Nígbà tí Richard Burton, arìnrìn-àjò nì, sì kọ̀wé nípa ilé ọ̀hún ní ọdún 1863, pósí onírin ni ó pè é. Àìsàn ló pa àwọn ọkùnrin náà, kì í ṣe páànù. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti jókòó sábẹ́ páànù tí kò ní àjà ní ago méjì ọ̀sán mọ ohun tí Burton ń wí.

Kí wá ló dé tí a fi gbà á? A gbà á nítorí pé kì í jó, nítorí pé a kì í tún un bò lọ́dọọdún, àti nítorí pé ó di àmì fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tó nǹkan. Nígbà tí owó kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, àgbẹ̀ tó ta kòkó rẹ̀ tán, páànù ni ó kọ́kọ́ ń rà. Ẹni tó bá sì gun òkè Mápó wo Ìbàdàn Mesí Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, páànù tó ti dípẹtà ni yóò rí tí yóò lọ títí ojú kò fi ní í tó o mọ́. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni wí nítorí èyí, nítorí pé ẹni tí iná ti jó ilé rẹ̀ rí kò ní í jiyàn lórí koríko. Ohun tó dùn mí ni pé bí a ti gba páànù tán, a sọ àjà nù pẹ̀lú koríko, a sọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ nù pẹ̀lú àjà, a sì tún kọ́ ilé mọ́ àgbàlá, bí ẹni pé ohun gbogbo tí àwọn baba wa mọ̀ ló ti jó mọ́ òrùlé wọn. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.

Kì í ṣe pé kò sí ẹni tó ronú ọ̀nà mìíràn. Àwọn Àgùdà, ọmọ wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Bràsíl, tí wọ́n sì padà wálé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, mú iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà àrà ọ̀tọ̀ bọ̀. Ní Pópó Àgùdà ní Èkó, wọ́n kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àjà rẹ̀ ga, tí a fi pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ilẹ̀kùn fèrèsé rẹ̀, kí a lè tì í mọ́ oòrùn kí afẹ́fẹ́ sì máa wọlé síbẹ̀, tí ọ̀nà gbọọrọ kan sì la àárín ilé já láti iwájú dé ẹ̀yìn. Nígbà tí àwọn onílé wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé fún ayálégbé, ọ̀nà gbọọrọ yìí ni wọ́n mú lò, ṣùgbọ́n wọ́n to yàrá sí i lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ìdílé kan sí yàrá kan, fèrèsé kan sí yàrá kan, ilẹ̀kùn kan sì dojú kọ èkejì: bí ilé face-me-I-face-you ti wáyé nìyẹn. Yàrá tó ní fèrèsé kan ṣoṣo kò ní ibi tí afẹ́fẹ́ tó wọlé lè gbà jáde. Bí a bá tún wá fi àwọ̀n dí fèrèsé ọ̀hún nítorí ẹ̀fọn, tí a fi irin dè é nítorí olè, tí a sì fi páànù bò ó láìsí àjà tó dára, yàrá tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí méjìlá lọ yóò kó ooru ọ̀sán jọ, yóò sì máa dà á lé ìyá àti ọmọ lórí títí di òru ọ̀gànjọ́. Yàrá yìí gan-an ni ẹ̀rọ amúlétutù alágbèéká wá bá.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ní ìlú abínibí, ẹ jẹ́ kí a lọ síbẹ̀ ná. Omi dídì ló ṣáájú ẹ̀rọ: ní ọdún 1806 ni Frederic Tudor ti ìlú Boston ní Amẹ́ríkà kó omi dídì tí a gé lójú adágún nígbà òtútù sínú ọkọ̀, tí ó sì gbé e lọ tà ní Martinique. Nígbà tó fi di 1833, omi dídì rẹ̀ ti dé Calcutta ní ilẹ̀ Íńdíà. Ní Apalachicola, ìlú kékeré kan ní etíkun Florida, Dókítà John Gorrie, tí ó gbà bíi ti àwọn dókítà ìgbà ayé rẹ̀ pé afẹ́fẹ́ irà ló ń fa ibà, gbé ọpọ́n omi dídì kọ́ sókè yàrá àwọn aláìsàn kí afẹ́fẹ́ tútù lè máa sọ̀ kalẹ̀ sórí wọn. Nígbà tí ọkọ̀ omi dídì kò dé déédéé, ó jókòó, ó sì ro ẹ̀rọ tí yóò máa ṣe omi dídì fúnra rẹ̀. Ìwé àṣẹ rẹ̀ jáde ní 1851, ṣùgbọ́n kò rí olówó tí yóò tì í lẹ́yìn, ó sì kú nínú ìṣẹ́ ní 1855. Òwò omi dídì ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́, àmọ́ òṣùwọ̀n rẹ̀ kò kú: ooru tí tọ́ọ̀nù omi dídì kan ń gbà kí ó tó yọ́ tán láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ṣì ń pè ní tọ́ọ̀nù kan, òun náà ni 12,000 BTU ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tí a ń kà lára páálí éésì lọ́jà wa.

Ẹ̀rọ tó wá yí ayé padà kò tilẹ̀ wáyé nítorí ènìyàn, nítorí bébà ni. Ní ilé ìtẹ̀wé Sackett-Wilhelms ní Brooklyn, ní New York, wọ́n máa ń tẹ àwòrán aláwọ̀ púpọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lórí bébà kan náà. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, bébà a mu ún, a sì fẹ̀ díẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, bébà a súnkì. Nígbà tí àwọ̀ kejì yóò bá fi dé, kò ní bọ́ sí ojú ibi tí ti àkọ́kọ́ wà mọ́, ètè ẹni inú àwòrán a yà kúrò lójú ètè, iṣẹ́ a sì bàjẹ́. Willis Carrier, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 25 tó jáde ní Yunifásítì Cornell ní ọdún tó ṣáájú, ni a gbé ìṣòro náà lé lọ́wọ́. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 1902 ni ó ya àwòrán ẹ̀rọ kan tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba orí páìpù tútù kọjá: omi inú afẹ́fẹ́ a ṣẹ̀ sára páìpù, a kán sílẹ̀, afẹ́fẹ́ tó bá sì kọjá a gbẹ, a sì tutù. Nítorí bébà ni a ṣe é, ṣùgbọ́n ara àwọn òṣìṣẹ́ ni ìtura náà bà. Nígbà tó fi di 1925, ó ti gbé e dé ilé sinimá Rivoli ní New York, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ wo sinimá nítorí àtisá fún ooru.

Bí ẹ̀rọ ńlá ti ṣe di ẹ̀rọ yàrá, ọ̀rọ̀ kúkúrú ni. Ní ọdún 1931 ni H. H. Schultz àti J. Q. Sherman ro èyí tí a lè gbé lé ojú fèrèsé, ṣùgbọ́n owó gegere ni wọ́n ń tà á, àwọn olówó nìkan ló sì lè rà á. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ó tó rọrùn fún àwọn ará ìlú. Gáàsì tí ń bẹ nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ a máa pa ènìyàn bí ó bá jò, títí Thomas Midgley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi rí òmíràn ní 1928 tí kì í jó, tí kì í sì í ṣe májèlé. Gbogbo ayé yọ̀. Àmọ́ ní 1974 ni Mario Molina àti Sherwood Rowland fi hàn pé gáàsì tó rọrùn fún yàrá yìí ń gòkè lọ jẹ ààbò tó wà láàárín wa àti oòrùn. Àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Montreal ní 1987 láti fòpin sí i, wọ́n sì tún pàdé ní Kigali, ní Rwanda, ní 2016, lórí àwọn gáàsì tó rọ́pò rẹ̀, nítorí pé àwọn náà ń mú kí ayé gbóná sí i. Ohun tí a lé jáde nínú yàrá wa ti lọ kó sínú ilé ńlá tí gbogbo wa jọ ń gbé.

Ní ilẹ̀ wa, iná mànàmáná ti dé Èkó kí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún tó parí, ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó àti ilé iṣẹ́ ìjọba ni ó kọ́kọ́ tàn fún. A dá iléeṣẹ́ mànàmáná ECN sílẹ̀ ní 1950, a parí ìdídò Kainji ní 1968, NEPA sì rọ́pò ECN ní 1972. Bí wáyà ti ń dé àdúgbò ni fáànù ń tẹ̀lé e. Fáànù kì í mú afẹ́fẹ́ tutù rárá. Òógùn ara ẹni ni ó ń bá ni gbẹ, tí ooru ara sì ń bá òógùn lọ, ọgbọ́n amù àti abẹ̀bẹ̀ kan náà ni. Ní àkókò yìí kan náà, ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn tí a dá sílẹ̀ ní 1948, ọkọ àti ìyàwó kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Maxwell Fry àti Jane Drew, fi hàn pé a lè kọ́ ilé onísímẹ́ńtì kí ó má sì gbóná. Wọ́n kọ́ ilé tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gígùn kò dojú kọ oòrùn, kí afẹ́fẹ́ lè gba ojú fèrèsé kan wọlé kí ó sì gba èkejì jáde. Ní ilé ìkàwé ibẹ̀, wọ́n fi ògiri onífèrè-fèrè bo ìta rẹ̀ kí òjìji máa wà kí afẹ́fẹ́ má sì dúró. Wọ́n kó ọgbọ́n wọn jọ sínú ìwé ní 1956. Ẹni tó bá wọ ilé ìkàwé náà lọ́sàn-án yóò mọ̀ pé ohun tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń ṣe ni wọ́n fi símẹ́ńtì ṣe. Síbẹ̀, àwọn tó ń kọ́lé fún ayálégbé kò wo ibẹ̀.

Éésì ojú ògiri kì í sábà jẹ́ ti ayálégbé, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ gbé e gbọ́dọ̀ lu ògiri, ògiri kò sì jẹ́ tirẹ̀. Nítorí náà ni èyí tó dúró lórí táyà kékeré fi rí àyè. Nínú àpótí kan ṣoṣo tí kò ga ju ìbàdí lọ ni gbogbo rẹ̀ wà: ẹ̀rọ tí ń fún gáàsì pọ̀ títí yóò fi gbóná, páìpù tí gáàsì gbígbóná yìí ti ń tú ooru rẹ̀ sílẹ̀ tí ó sì ń di olómi, páìpù mìíràn tí olómi yìí ti ń padà di gáàsì, tí ó sì ń gba ooru yàrá mọ́ra bí ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí omi ara amù ti ń ṣe, fáànù méjì, àti ọpọ́n tí omi inú afẹ́fẹ́ ń kán sí. Láti ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọ̀pá ike kan ti jáde, tí a fi ń dé ojú fèrèsé pẹ̀lú pátákó ike. Gbé ọwọ́ lé ọ̀pá náà nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́: ó gbóná. Ooru yàrá rẹ ló ń gba abẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ kọjá lọ yẹn, àti ooru tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ dá kún un. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í sì í tan ni jẹ.

Níbí ni àbùkù rẹ̀ ti hàn. Afẹ́fẹ́ tí ọ̀pá kan ṣoṣo yìí ń tì síta, inú yàrá ni ó ti kó o. Afẹ́fẹ́ ìta sì gbọ́dọ̀ gba abẹ́ ilẹ̀kùn àti ojú ihò fèrèsé wọlé láti dípò rẹ̀, ooru ìta ni ó sì ń bá a wọlé. Bí ẹni tó ń gbọ́n omi nínú ọkọ̀ tó ń jò ni ó rí: omi ń jáde, omi ń wọlé, ẹni tí apá rẹ̀ bá yá ni yóò ṣẹ́gun. Ní 2016 ni Iléeṣẹ́ Agbára ti ìjọba Amẹ́ríkà gbé ọ̀nà ìdíwọ̀n tuntun kalẹ̀ fún irú ẹ̀rọ yìí, tí ó ń yọ ooru tó padà wọlé àti ooru tó ń jò lára ọ̀pá kúrò nínú iye tí a ń kọ sí i lára. Iye náà sì wálẹ̀ gan-an. Èyí tó ní ọ̀pá méjì, tí ọ̀kan ń fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé sínú ẹ̀rọ tí èkejì sì ń tì í padà, sàn jù ú lọ. Ẹni tó bá ní èyí tó ní ọ̀pá kan, kí ó jẹ́ kí ọ̀pá rẹ̀ kúrú kí ó sì tọ́, kí ó fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn, kí ó sì mọ̀ pé yàrá kan ni ó rà á fún, kì í ṣe ilé.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Ẹ̀rọ kan tó mọ níwọ̀n lè jẹ iná tó fáànù mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ń gbé fáànù àti tẹlifíṣọ̀n kò sì lè gbé e. Nítorí náà ni ẹni tó rà á fi máa ń rí i pé òun ní ẹ̀rọ, òun kò ní iná; bí iná bá sì dé, owó iná kò jẹ́ kí ó lè tàn án pẹ́. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ooru tí a tì jáde kò sì sọnù: ní àdúgbò tí fèrèsé sún mọ́ fèrèsé, ojú fèrèsé aládùúgbò ni ó ń lọ, aládùúgbò tí kò lágbára àtira ẹ̀rọ ni yóò sì fi abẹ̀bẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Agbo ilé àtijọ́ lé ooru gòkè sí ojú ọ̀run. Àwa ń lé e wọ ilé ara wa.

N kò wá sọ pé kí a padà sí koríko, bẹ́ẹ̀ ni n kò kórìíra ẹ̀rọ. Ìyá tó ń tọ́ ìkókó, àgbàlagbà tí àyà rẹ̀ kò dán mọ́rán, ẹni tó ń sùn lọ́sàn-án nítorí iṣẹ́ òru, gbogbo wọn ní ẹ̀tọ́ sí ìtura. Bí ẹ̀rọ alágbèéká bá lè fún wọn, kí wọ́n rà á, kí wọ́n sì lò ó dáadáa. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹ̀rọ ni ó yẹ kí ó dé kẹ́yìn, kì í ṣe òun ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Kí a tó ra ẹ̀rọ, kí àjà wà lábẹ́ páànù. Kí a kun páànù ní funfun tàbí àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kí ó lè ta ìtànṣán oòrùn padà. Kí aṣọ fèrèsé dí oòrùn ìrọ̀lẹ́. Kí igi kan wà ní ìwọ̀-oòrùn ilé. Ẹ̀rọ kékeré lè tó fún yàrá tí ooru kò rí ọ̀nà wọ̀. Ẹ̀rọ ńlá kì í tó fún yàrá tí páànù ń dáná lé lórí. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Mo sì ń bẹ ẹ̀yin onílé, àti ẹ̀yin ọmọ wa tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ àwòrán ilé yíyà ní yunifásítì wa gbogbo, kí ẹ má ka ọ̀ràn yìí sí ti ẹlòmíràn. Àwọn tó mọ odindi ilé ní ìpele amọ̀ kò ní ìwé, wọn kò ní iná, síbẹ̀ wọ́n mọ ọ̀nà tí ooru ń gbà jáde, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún un. Iye tí ó ń ná ni láti la fèrèsé kejì sí yàrá kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń san án. Iye tí àìsí rẹ̀ ń ná ayálégbé, oṣooṣù ni, títí yóò fi kó jáde, tí ẹlòmíràn yóò sì kó wọlé láti máa san án lọ. Onílé tó bá la fèrèsé kejì yìí ti fún ayálégbé rẹ̀ ní ìtura tí ìdákú iná kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀.